J.P. Tí Wọn Ò Tíì Dìbò Yàn

Nílé wa lọ́hùn-ún, bí ọkùnrin bá lówó díẹ̀, tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tó sì mọ gómìnà tàbí tó mọ ẹni tó mọ gómìnà, wọ́n á fi J.P. sí ìdí orúkọ rẹ̀. Olóyè Lágbájá, J.P. Kò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni o, àfi ti àwọn ìyàwó rẹ̀. Fìlà ni J.P. yẹn, wọ́n ń dé e lọ sóde ni. Ní Houston, Justice of the Peace ń gbọ́ ẹjọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹlòmíì ti di ẹni tí ò nílé nìyẹn. Lójú Bíyìí Ọlọ́runyọmí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín J.P. méjèèjì yìí ò tó nǹkan.

Ẹnjiníà ni Bíyìí, ó sì ti di ọmọ Amẹ́ríkà pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, iléeṣẹ́ epo tó ń bá ṣiṣẹ́ lọ́nà Spring sọ fún un pé epo ò lówó lórí mọ́, kó máa lọ sílé. Ẹlòmíì ì bá wá iṣẹ́ mìíràn. Bíyìí wá oyè. Ó ní òun máa du ipò Justice of the Peace, torí òfin Texas ò ní dandan ni kí ẹni tó máa ṣe é jẹ́ lọ́yà. Àtọjọ́ Sunday tó ti dìde sọ ọ́ níwájú ìjọ ni ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ò ti pe orúkọ rẹ̀ mọ́. “J.P. wa dé!” “Ẹ bi J.P. léèrè!” “Àga J.P. dà?” Ẹnikẹ́ni ò tíì dìbò. Bíyìí náà ò sì sọ fún wọn pé ẹ dúró ná.

Ní àárọ̀ Thursday, tí ìdìbò ku ọ̀tunla, ó dúró síwájú dígí, táì méjì lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀ní, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti iṣẹ́ òru ní ọsibítù ni, kò tíì bọ́ bàtà nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀.

“Màmá Bọ́lá, èwo ló dáa nínú méjèèjì, pupa àbí búlúù?”

“Èyí tó bá lè fọ abọ́,” ni Àbẹ̀ní dáhùn, torí abọ́ àná ṣì kún inú síǹkì.

“O ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. O ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Èmi? Kí n fi J.P. ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ̀rù kóòtù ò bà mí ni?”

Bíyìí ṣí ìkòkò, ó rí ẹ̀wà. Ó ṣí fíríìjì, kò rí ẹran. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

“Ẹ má wò mí,” ni Àbẹ̀ní wí. “Ẹran tí ẹ ń wá, Paul ti jẹ ẹ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin náà lẹ ń bù ú fún un pé kó gba sí i, kó gba sí i.”

Ọ̀rọ̀ Paul rèé. Paul ni mánéjà apartment tí wọ́n ń gbé ní àdúgbò Gulfton, òyìnbó ẹlẹ́rìn-ín kan tó máa ń pe gbogbo èèyàn ní my friend. Apartment náà pín sí apá méjì. Apá kan wà fún àwọn tó lọ́mọ. Apá kejì, tó yí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ká, wọn kì í gba ọmọdé níbẹ̀. Wọ́n gba ajá o. Wọ́n gba ológbò. Ọmọ èèyàn ni wọn ò gbà, òfin ò sì bá wọn wí. Apá ibẹ̀ ni Kùdírátù ń dá gbé, obìnrin kan láti Mushin tó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́nà Galleria. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tó ń bá a tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé kú, ó ránṣẹ́ gbé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wá. Wọn ò pẹ́ dé tí àwọn alájá fi lọ fẹjọ́ sùn pé àwọn ń gbọ́ ohùn ọmọdé. Ọ́fíìsì àwọn onílé ní kó kó jáde. Kùdírátù ti rí ibòmíì tó máa kó lọ, àmọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ò tíì lọ. Gbogbo ohun tó ń tọrọ ò ju oṣù kan lọ. Wọn ò dá a lóhùn, wọ́n pè é lẹ́jọ́.

Ó wá kúnlẹ̀ fún Bíyìí nínú pálọ̀. “Bọ̀dá J.P., wọ́n ní kí n wá sí kóòtù yín.”

Kóòtù yín! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn dé eegun Bíyìí. Ẹni tí wọ́n bá sọ irú ẹ̀ fún, tó sì ní “kì í ṣe tèmi o,” ọmọlúwàbí ni. Bíyìí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Kùdírá, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Má wulẹ̀ lọ. Fi í lé mi lọ́wọ́.”

Ó bá yanjú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yanjú ẹ̀ nílé. Ó pe Paul wá jẹun. Àbẹ̀ní se ìrẹsì, ó din ẹran. Bíyìí mú ọwọ́ Paul, ó fi bọ ọwọ́ Kùdírátù, ó gbàdúrà lé wọn lórí. Paul ní no problem, my friend, no problem at all, ó sì bu ìrẹsì lẹ́ẹ̀kejì. Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó bá ti jẹun nílé onílàjà, tó sì bọ ẹni tí wọ́n jọ ń jà lọ́wọ́, ìjà ti parí nìyẹn? Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ni Paul. Ní ọjọ́ ẹjọ́, Kùdírátù gba ibi iṣẹ́ lọ, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn olówó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Àbẹ̀ní ò mọ̀ pé kò lọ. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹran ti tán.

Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ ẹran yìí tí ẹnì kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn gbì gbì gbì. Wùmí ni, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tí ọ̀rọ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“J.P.! J.P. o! Ẹ jáde! Wọ́n ti ń kó ẹrù Kùdírá síta o! Jésù!”

“Ẹrù Kùdírá kẹ̀?” Bíyìí so táì pupa. “Wọn ò lè ṣe é. Ẹjọ́ yẹn ti parí.”

Ìwé kóòtù kan tó ní kó kó jáde ti wà lára ilẹ̀kùn Kùdírátù láti àná. Ó ti mú un han Bíyìí, Bíyìí sì ní kó má dá wọn lóhùn, pé ọ́fíìsì ni ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti parí ìjà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, mátírẹ́ẹ̀sì ti wà lórí koríko. Ìkòkò, ọmọrí, odó kékeré, àpótí méjì tí àwọn ọmọ gbé ti Èkó bọ̀, bàtà iléèwé. Kùdírátù dúró láàárín wọn nínú yúnífọ́ọ̀mù hòtẹ́ẹ̀lì, ó gbá Kùránì rẹ̀ mọ́yà, kò sunkún. Àwọn aláàbárù méjì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Akódà kóòtù, ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà àwọn kaubọ́ì, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù. Gbogbo Gulfton ti pé síbẹ̀, ará Mẹ́síkò, ará Nàìjíríà, ará El Salvador, kálukú pẹ̀lú kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀. Àwọn alájá náà jáde, wọ́n gbé ajá dání.

Nígbà tí wọ́n rí Bíyìí nínú súùtù, àwọn ọmọ ilé wa yà fún un. “J.P. ti dé. Ẹ jẹ́ kó kọjá.” Kùdírátù gbójú sókè, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ń dùn mí.

“Stop this thing!” ni Bíyìí wí. “Ẹ kó o wọlé padà. I am the J.P.”

Akódà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn ní èdè rẹ̀, ó ní, “Mo mọ J.P., sà. Òun ló rán mi níṣẹ́.”

“Mo fẹ́ sọ pé… incoming. Incoming J.P.”

“Kò burú. Tí ẹ bá wọlé tán, ẹ̀yin náà á máa rán mi.”

Wùmí túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Bíyìí yíjú, ó rí Paul tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó sì lọ bá a bí iná.

“Paul! O jẹun nílé mi!”

“Ìrẹsì yẹn dáa gan-an,” ni Paul wí. “Mo ṣì ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi.”

“O bọ ọ́ lọ́wọ́! Níṣojú mi! O ní no problem!”

“Èmi ò ní problem kankan pẹ̀lú ẹ̀, my friend. Ọ́fíìsì ló ni ẹjọ́.” Ojú ń ti Paul lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó yíjú sí Kùdírátù. “A retí ẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé o ń bọ̀ ni. Adájọ́ pe orúkọ ẹ, ó tún un pè, kò sẹ́ni tó dáhùn.”

Àbẹ̀ní gbọ́ ọ. Ó rọra sún mọ́ Kùdírátù. “Kùdírá, kí ló dé tí o ò fi lọ?”

Kùdírátù wo ilẹ̀.

“Àǹtí, bọ̀dá ni wọ́n ní kí n fi í lé àwọn lọ́wọ́.”

Aláàbárù kan gbé fáànù jáde, ó bi wọ́n níbo ni kóun gbé e sí, Àbẹ̀ní ló nawọ́ gbà á.

“A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,” ni Bíyìí wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mo rò pé…”

“Ẹni tí ò wá lọ rárá ńkọ́, Dádì Bọ́lá? Ta ni ọ̀rẹ́ tiẹ̀?”

Òjò ti ń ṣú láti apá òkun. Àbẹ̀ní tí kò tíì fojú kan oorun láti àná bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé. “Mátírẹ́ẹ̀sì ná. Wùmí, bá mi di ẹ̀gbẹ́ yẹn mú. Yàrá Bọ́lá la máa gbé e lọ. Dádì Bọ́lá, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ wá.”

Bíyìí wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán yìí gan-an ni àwọn tó ń du ipò náà máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn oníṣòwò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Uptown. “Tí mi ò bá lọ, wọ́n á ní àwa aláwọ̀ dúdú kì í pa àsìkò mọ́. Tí mo bá wọlé ìbò yìí, Àbẹ̀ní, irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Torí irú Kùdírá náà ni mo ṣe ń ṣe é.”

“Mo gbọ́. Ẹ máa lọ. Ẹ lọ sọ̀rọ̀ àlàáfíà fún wọn.”

Ó sì lọ! Ó wọ mọ́tò, ó fi ọwọ́ tún táì ṣe, ó lọ.

“Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là á wò,” ni Wùmí wí, ìgbà tí mọ́tò ti yà tán. “Àwa ò wo ọrùn o. Táì là ń wò.”

Yàrá Bọ́lá kún fún pátákó ìpolongo, OLORUNYOMI FOR PEACE, tí àwọn òyìnbó máa ń kà bí orúkọ oúnjẹ. Àbẹ̀ní ń gbé e jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjò dé kí wọ́n tó kó tán. Wùmí mú lára àwọn pátákó náà, ó fi bo àpótí àwọn ọmọ àti ìkòkò lórí koríko. “Wọ́n kúkú wúlò,” ló wí. Àbẹ̀ní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni gbogbo ẹ̀.

Ní Uptown, òjò ò kan ẹnikẹ́ni. Adìyẹ àti sàláàdì ni wọ́n jẹ. Àwọn mẹ́rin ló ń du ipò náà. Adájọ́ tó wà lórí àga lọ́wọ́, ẹni tó dá ẹjọ́ Kùdírátù, ní òun mọ iṣẹ́ náà. Akódà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òun mọ àwọn ọ̀daràn. Obìnrin kan tó ń ta ilé ní òun mọ ilé. Bíyìí dìde, ó ní nílùú tí òun ti wá, àwọn àgbà máa ń sọ pé èèyàn méjì kì í ti kóòtù bọ̀ kí wọ́n ṣọ̀rẹ́. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Obìnrin àgbà kan ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ!

Lẹ́yìn náà, adájọ́ gbé abọ́ adìyẹ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Arúgbó ni, àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, kò sì níkà nínú. “Mo fẹ́ràn òwe yín yẹn,” ló wí. “Àwọn tèmi kì í tiẹ̀ wá ni. Mo máa pe orúkọ, mo máa tún un pè. Ẹni tó bá wá, tó ní kí n fún òun ní oṣù kan, mo sábà máa ń bá onílé sọ ọ́, wọn kì í sì jà. Ta ló kù tó fẹ́ háyà ilé ní Houston báyìí? Ilé ṣófo kálẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ò wá, ta ni kí n gbé oṣù fún?” Ó gé adìyẹ jẹ. “Mo máa ń rò ó pé ta ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá.”

Bíyìí ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, pátákó rẹ̀ ti di òkìtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní láti fẹ̀gbẹ́ wọlé. Àwọn ọmọ Kùdírátù àti Bọ́lá jókòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà. Kùdírátù gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú wàhálà wa, J.P.”

Kò fi pẹ̀gàn o. Ká ní ó fi pẹ̀gàn ni, Bíyìí ì bá bínú, ì bá sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìtìjú tó mú un lójú ẹsẹ̀ yẹn, kò tíì rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

“Kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?” ni Àbẹ̀ní bi í. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n.

Bíyìí ò fọwọ́ kan ṣíbí. “Adájọ́ ní… ẹni tó bá wá tọrọ oṣù kan, ó sábà máa ń rí i gbà.”

Kùdírátù ti dìde, ó ń lọ sí kíṣìnnì. Ó dúró, ó kẹ̀yìn sí wọn.

“Kùdírá,” ni Bíyìí wí, “èmi kì í ṣe J.P.”

“Mo ti mọ̀ láti àárọ̀, bọ̀dá.”

Ó wọ kíṣìnnì, ó ṣí omi sílẹ̀ nínú síǹkì, ó ń fọ abọ́. Abọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, àmọ́ omi náà ń dà fún ìgbà pípẹ́.

Fóònù dún. Bíyìí gbé e.

“J.P. wa! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Lékè ni.” Lékè tó ń wa takisí ni, tó máa ń jókòó lẹ́yìn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. “Sà, mo ní kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ ní Sunday, ọ̀rọ̀ onílé mi. Ọ̀la ni wọ́n pè mí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ ní kí n fi í lé yín lọ́wọ́. Mo ti ń lọ sí ẹ́pọ́ọ̀tì báyìí, mo fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́jú. Tí mo bá wọlé láàárọ̀, oorun ni tààrà.”

Bíyìí dìde dúró. “Lékè, gbọ́ mi dáadáa. Má sùn. Lọ sí kóòtù. Fẹsẹ̀ ara ẹ lọ, kí o tètè lọ, kí o sì tọrọ àsìkò lọ́wọ́ adájọ́.”

“Ẹ̀hẹ́n? Ẹ̀yin wá ńkọ́, sà?”

“Èmi kì í ṣe J.P.! Mi ò jẹ ẹ́ rí. Mo kàn ń du ipò ẹ̀ ni, wọ́n sì lè má yàn mí. Mi ò lágbára kankan ní kóòtù yẹn. Ṣé o gbọ́?”

Lékè bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn dénú.

“Ẹ̀yin J.P. yìí! Ìrẹ̀lẹ̀ yín yìí ni gbogbo wa ṣe fẹ́ràn yín. Bí ẹni ńlá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Mo ti gbọ́, sà, mi ò ní sọ fún ẹnì kankan. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọkàn mi ti balẹ̀.”

“Lékè! Lékè!”

Ó ti gbé fóònù sílẹ̀.

Bíyìí tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Fóònù náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un tẹ̀. Ó ń dún, ó ń dún. Nínú kíṣìnnì, omi ti dákẹ́. Kùdírátù jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún ọṣẹ. Àbẹ̀ní ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó nà án sí i.

“Ẹ jẹ́ ká lọ bá a kó tó lọ. Ibo ló ń gbé?”

Bíyìí wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Kùdírátù. Ó ti gba ẹjọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì mọ ilé tí wọ́n fẹ́ lé e kúrò nínú ẹ̀.